Kí Pákó Tó Di Ààfin

Kò sí ọmọ tó wọ yunifásítì láti kọ́ṣẹ́ ojú ìtàgé tí kì í ráhùn kí ọdún kìíní tó parí. Ọ̀rọ̀ ẹnu wọn kì í yàtọ̀: "Ọ̀gá, torí ayùn àti ọ̀dà la ṣe wá, ìwé ni wọ́n ń kó fún wa." Wọn ò parọ́. Ẹni tó bá ń ka eré oníṣe fún oyè B.A. Honours ní Nàìjíríà á lo ọdún 4 gbáko. Ní sáà kọ̀ọ̀kan, ẹrù ẹ̀kọ́ rẹ̀ á tó yúníìtì 15 ó kéré tán, kò sì ní ju 24 lọ. Nínú ẹrù yẹn ni lílo èdè Gẹ̀ẹ́sì wà, àti ìmọ̀ ọgbọ́n orí, àti ìtàn eré oníṣe láti ilẹ̀ Gíríìsì títí dé ọ̀dọ̀ àwọn alárìnjó, àti lámèyítọ́, àti ọ̀nà ìwádìí, kí iṣẹ́ àṣejáde ọdún tó kẹ́yìn tó wá dé gbogbo rẹ̀ lórí. Wákàtí tí ọmọ náà á fi di òòlù mú kéré sí èyí tí yóò fi di bírò mú.

Ẹdẹ ni mò ń gbé. Iṣẹ́ mi ni kí n ya àwòrán ojú ìtàgé, kí n bá wọn kọ́ ọ, kí n sì tan iná sí i, ì báà ṣe fún eré, ì báà ṣe fún fíìmù. Ìlú wa ti di ìlú ọmọ ilé-ìwé. Ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe ìjọba àpapọ̀ ti wà níbí láti 1992. Adeleke University bẹ̀rẹ̀ ní 2011. Redeemer's University, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2005, kó wá sí Ẹdẹ ní 2012, ó sì ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ eré oníṣe àti fíìmù, níbi tí Ahmed Yerima, òǹkọ̀wé eré tó ti darí Ẹgbẹ́ Òṣèré Orílẹ̀-Èdè rí, ti jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n. Àwọn ọmọ láti yunifásítì oríṣiríṣi ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun àti Ọ̀yọ́ máa ń gbé àwòṣe tí wọ́n fi páálí ṣe wá bá mi pé kí n bá wọn wò ó. Èmi náà gba B.A. Honours kí n tó di ẹni tí ń jẹun nídìí iṣẹ́ yìí, mo sì ráhùn bí wọ́n ṣe ń ráhùn. Ohun tí mo ti wá mọ̀ ni mo fẹ́ sọ: ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń pè ní ìdíwọ́ yẹn gan-an ni iṣẹ́ náà. Káfíńtà á bá ọ kọ́ ohunkóhun tí o bá yà síwájú rẹ̀. Kò níí sọ fún ọ pé èyí tó o yà yìí kò yẹ kó wà níbẹ̀.

N kò fojú kéré iṣẹ́ ọwọ́ o. Ọmọ tó bá kọ́ ọ dáadáa á mọ bí a ṣe ń fi pákó tín-ín-rín ṣe férémù, tí a ó na aṣọ tẹ́rù lé e lórí, tí a ó fi gúlúù àti ọ̀dà kùn ún títí yóò fi le bí ògiri. Á mọ bí a ṣe ń ṣe àwòṣe ní ìwọ̀n 1 sí 25, tí mítà kan á di sẹ̀ǹtímítà 4, tó fi jẹ́ pé ìtàgé tó fẹ̀ ní mítà 10 á wọ orí tábìlì ìjẹun ìyá rẹ̀. Á mọ̀ pé kí òun tó gbé òpó síbì kan, òun gbọ́dọ̀ lọ jókòó sí àga tó wà ní igun pátápátá, kí òun wò ó bóyá òpó náà kò bo ọba lójú. Ẹ̀kọ́ gidi ni gbogbo ìyẹn. Ṣùgbọ́n káfíńtà kan wà ní Òkè-Gádà tí kò wọ kíláàsì eré oníṣe rí, tí yóò kan ògiri kan náà ní ìdajì àkókò, tí yóò sì gún ju ti akẹ́kọ̀ọ́ lọ. Ẹni tí a kọ́ ní bí a ṣe ń kan ògiri nìkan, ògiri náà ni yóò máa kàn, ì báà jẹ́ pé eré ọ̀hún kò fẹ́ ògiri.

Ẹ jẹ́ kí n fi Ọba Kò So ti Dúró Ládiípọ̀ ṣe àpẹẹrẹ, torí eré tó kan Ẹdẹ gbọ̀ngbọ̀n ni. Ọkàn Ṣàngó kò balẹ̀ nítorí àwọn jagunjagun rẹ̀ méjèèjì, Tímì àti Gbọ̀nkáà. Ó rán Tímì Àgbàlé Ọlọ́fà-Iná lọ sí Ẹdẹ, Tímì sì di ọba níbẹ̀. Gbọ̀nkáà tẹ̀ lé e lọ, ó fi ọfọ̀ ṣẹ́gun rẹ̀, ó mú un padà wá sí Ọ̀yọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ kan gbé àwòṣe eré yìí wá fún mi. Ààfin Ọ̀yọ́ wà lọ́wọ́ ọ̀tún pẹ̀lú òpó gbígbẹ́ bíi mẹ́fà, ààfin Tímì wà lọ́wọ́ òsì, àtẹ̀gùn yí àwọn méjèèjì ká. Ó rẹwà. Mo bi í pé nígbà tí Gbọ̀nkáà bá gbéra ní Ọ̀yọ́, ibo ni yóò gbà rìn dé Ẹdẹ, nígbà tí ààfin méjèèjì ti gba gbogbo ilẹ̀ tán? Ó ní wọn á máa gbé ọ̀kan kúrò kí èkejì tó wọlé. Mo ní ẹni mélòó ni yóò gbé e? Kí ni òǹwòran yóò máa ṣe nínú òkùnkùn nígbà tí wọ́n bá ń gbé e? Ọmọ náà dákẹ́, ó ń fi ìka ka àwọn òpó rẹ̀.

Ayùn kọ́ ló yanjú ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀kọ́ ìtàn eré oníṣe ni, èyí tó ti jókòó gbọ́ ní ọdún kejì láìkà á sí. Àwọn ẹgbẹ́ eré tó ń rìn láti ìlú dé ìlú, láti ìgbà alárìnjó títí dé ayé Ògúndé, Ògúnmọ́lá àti Ládiípọ̀, òfin kan ló ń darí ojú ìtàgé wọn: ohun tí kò bá wọ ọkọ̀, kò lè wọ eré. Lónìí wọ́n wà ní gbọ̀ngàn, lọ́la wọ́n wà ní yàrá ìkàwé ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n kó bẹ́ǹṣì kúrò nínú rẹ̀. Ẹni tó kọ Ọba Kò So mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí eré náà fi ń fò láti Ọ̀yọ́ sí Ẹdẹ láìwẹ̀yìn. Orin àti ìlù ló ń gbé e kọjá. Nígbà tí ọmọ yìí lóye rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ nǹkan kúrò. Àtẹ̀gùn lọ, òpó lọ. Ohun tó kù ni ìtẹ́ kan àti arópò ẹnu ọ̀nà kan. Bí ìtẹ́ bá kọjú síbí tí bàtá ń dún, Ọ̀yọ́ la wà, torí bàtá ni ìlù Ṣàngó. Bí ìtẹ́ bá yí padà tí dùndún gbà á, a ti dé Ẹdẹ. Ará ìlú yìí kankan kò níí béèrè ìdí tí dùndún fi jẹ́ àmì Ẹdẹ, torí Tímì Adétóyèsè Láoyè, tó jọba láti 1946 sí 1975, onílù ni fúnra rẹ̀, ó sì kọ̀wé lórí ìlù Yorùbá.

Ìtàn kan náà ló tún kọ́ wọn pé ẹni tó ń ṣètò ojú ìtàgé kì í dá dúró. Mbárí Mbáyọ̀, ibùdó àwọn oníṣẹ́ ọnà, bẹ̀rẹ̀ ní Òṣogbo ní 1962, kò sì jìnnà sí wa rárá. Ibẹ̀ ni Ládiípọ̀ ti gbé Ọba Mórò jáde lọ́dún náà, kí Ọba Kò So tó tẹ̀ lé e ní 1963, tó sì dé Berlin ní 1964. Jimoh Buraimoh tó ń bójú tó iná fún ẹgbẹ́ Ládiípọ̀ ni ayé wá mọ̀ lẹ́yìn náà fún àwòrán tó fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣe. Rufus Ogundele ń ṣeré, ó ń ya àwòrán. Muraina Oyelami, ọmọ Ìràgbìjí, ń ṣeré, ó ń lùlù, òun náà ń ya àwòrán. Nínú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tó mọ ìgbà tí ìlù yóò yí ohùn padà náà ló mọ ìgbà tó yẹ kí iná yí padà. Lónìí a ti pín iṣẹ́ náà sí kọ́ọ̀sì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ti iná lọ́tọ̀, ti aṣọ lọ́tọ̀, ti ìró lọ́tọ̀, àwọn ọmọ sì ń rò pé bó ṣe wà láti ìṣẹ̀dálẹ̀ ayé nìyẹn. Ẹni tó bá ka ìtàn á mọ̀ pé ìpín náà wà fún ìrọ̀rùn ìdánwò nìkan.

Ìbàdàn náà ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Ọdún 1962 kan náà ni ilé-ẹ̀kọ́ eré oníṣe bẹ̀rẹ̀ ní yunifásítì níbẹ̀. Kọ́lá Ògúnmọ́lá, ọ̀gá ẹgbẹ́ eré arìnrìn-àjò, lo oṣù mẹ́fà lọ́dọ̀ wọn, èso rẹ̀ sì ni Ọ̀mùtí tí wọ́n gbé jáde ní 1963, láti inú ìwé tí Amos Tutuola tẹ̀ jáde ní 1952. Demas Nwoko ló ṣètò ojú ìtàgé rẹ̀, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ iṣẹ́ náà ní Paris. Ẹ wo irú ìṣòro tí wọ́n gbé ka iwájú rẹ̀: ọkùnrin kan ń wá adẹ́mu rẹ̀ tó ti kú, ó ń gba inú igbó iwin àti ọ̀dọ̀ àwọn ẹ̀dá abàmì lọ títí dé ìlú àwọn òkú. Pákó ta ni yóò kọ́ gbogbo ìlú wọ̀nyẹn? Òǹwòran ni yóò kọ́ ọ lọ́kàn ara rẹ̀, kí aṣètò ìtàgé fún un ní ìwọ̀nba tó máa fi bẹ̀rẹ̀. Nwoko yìí náà ló di ayàwòrán-ilé tí wọ́n fún ní ẹ̀bùn Kìnnìún Wúrà ní Venice ní 2023 fún iṣẹ́ gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Mo máa ń dárúkọ rẹ̀ fún àwọn òbí tó bá ní iṣẹ́ ojú ìtàgé kò lè gbé ọmọ dé ibi kan.

Kọ́ọ̀sì tí àwọn ọmọ ń sá fún jù ni ti àbá èrò orí eré oníṣe. Orúkọ òyìnbó pọ̀ níbẹ̀, ìwé rẹ̀ sì le. Síbẹ̀, níbẹ̀ ni wọ́n ti máa pàdé Adolphe Appia, ọmọ ilẹ̀ Switzerland tó gbé ayé láti 1862 sí 1928. Appia ní ara òṣèré ní gíga, ó ní ìbú, ó sì nípọn. Aṣọ tí a ya igi àti ilé sí lára kò nípọn rárá. Bí òṣèré bá dúró síwájú irú aṣọ bẹ́ẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì á máa pe ìkejì ní òpùrọ́. Ìmọ̀ràn rẹ̀ ni pé kí a kó aṣọ yíyà náà dànù, kí a lo pèpéle, àtẹ̀gùn àti òpó tí ẹsẹ̀ lè tẹ̀ tí ọwọ́ sì lè kàn, kí a wá jẹ́ kí iná máa bá orin rìn lára wọn. Àwọn ọmọ á há a sórí fún ìdánwò, wọ́n á sì gbàgbé rẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Ọmọ tó ń ka Appia ní Ẹdẹ kò yẹ kó gbàgbé rẹ̀, torí ìlú tó wà ti ń ṣe é kí wọ́n tó bí Appia. Òǹkọ̀wé Ulli Beier gbé Ẹdẹ rí, ìwé rẹ̀ lórí àwọn ọdún ìbílẹ̀, tó jáde ní 1959, Ẹdẹ ló dá lé. Ó ṣàpèjúwe ọdún Ọbàtálá níbẹ̀. Ajagẹmọ, àwòrò Ọbàtálá, á bá àwòrò mìíràn wọ ìjà àfiṣeré. Wọ́n á ṣẹ́gun rẹ̀, wọ́n á gbé e lọ ní òǹdè. Tímì á san owó ìràpadà, wọ́n á sì gbé Ajagẹmọ padà wá tayọ̀tayọ̀. Eré odindi ni: ìjà wà níbẹ̀, àdánù wà níbẹ̀, ìpadàbọ̀ wà níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò kan pákó kankan. Àwọn ènìyàn tó yí ká ni ògiri rẹ̀, iwájú ààfin ni ìtàgé rẹ̀, ìlù ìgbìn ló ń sọ ibi tí ìtàn dé, funfun tí Ajagẹmọ wọ̀ ló sì ń pe ojú wá sọ́dọ̀ rẹ̀ láàárín ọ̀pọ̀ èrò. Ọ̀dọ̀ Ajagẹmọ yìí ní Ẹdẹ ni Susanne Wenger, ayàwòrán ará Austria, ti wọ inú ẹ̀sìn Ọbàtálá kó tó di Àdùnní Olórìṣà tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ igbó Ọ̀ṣun. Bí ayàwòrán tó kọ́ṣẹ́ ní Vienna bá rí ohun tí yóò kọ́ nínú ọdún yẹn, kí ló dé tí ọmọ tó ń gbé họ́sítẹ́ẹ̀lì kò níí rí i?

Ibi tí àbá èrò ti máa ń bá iná jà ni funfun yẹn. Mo fẹ́ dúró lórí rẹ̀ díẹ̀, torí ó jẹ́ ohun tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gbé eré òrìṣà jáde máa ń bá pàdé. Ní gbangba, oòrùn ń bọ̀ láti òkè, àánú sì wà nínú rẹ̀. Orí ìtàgé kò ní irú àánú bẹ́ẹ̀. Bí o bá wọ aláwọ̀ dúdú ní aṣọ funfun báláú, tí o tan iná tó tó fún ojú rẹ̀, aṣọ á máa kọ mànà, á gba gbogbo ìmọ́lẹ̀ mọ́ ojú náà lọ́wọ́. Bí o bá dín iná kù nítorí aṣọ, ojú á ṣókùnkùn, ọ̀rọ̀ tó ń ti ẹnu jáde á dà bí ẹni pé kò lẹ́ni tó sọ ọ́. Gílóòbù àtijọ́ oníwọ́ọ̀tì 1,000 máa ń fi ìpọ́n díẹ̀ kún funfun, ṣùgbọ́n mẹ́wàá péré nínú wọn ti tó wọ́ọ̀tì 10,000, jẹnẹrétọ̀ kékeré ilé-ìwé á sì kú lójú ẹsẹ̀. Iná LED kì í jẹ iná púpọ̀, òun ló wà níbi gbogbo báyìí, ṣùgbọ́n èyí tó pọ́ọ́kú nínú wọn máa ń sọ funfun di búlúù, awọ ara á sì dà bí eérú. Oògùn rẹ̀ ni kí a rẹ aṣọ náà sínú tíì fúyẹ́fúyẹ́ kó má funfun tán, kí iná tó tóbi jù máa ti ẹ̀gbẹ́ wá, kí ti iwájú kéré. Òǹwòran á ṣì máa pè é ní funfun. Ẹni tó bá mọ ìdí tí Ọbàtálá fi ń wọ funfun nìkan ni yóò mọ ìwọ̀n tó lè dín kù kí aṣọ náà má baà di ti ẹlòmíràn. Ìdí yẹn kò sí nínú ìwé iná. Inú ẹ̀kọ́ àṣà àti ẹ̀sìn ló wà, èyí tí wọ́n ní ó ń gba àkókò wọn.

Ẹ̀kọ́ ọ̀nà ìwádìí ló yẹ kó gbé wọn dé ọ̀dọ̀ àwọn tó mọ ìdí náà. Bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ kò ràn wọ́n lọ́wọ́ púpọ̀. Ọmọ á tẹ fọ́ọ̀mù ìbéèrè ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, á mú un lọ bá bàbá àgbàlagbà kan ní agboolé, á na bírò sí i. Bàbá á kọ́kọ́ bi í pé, "Ọmọ ta ni ọ́?" Kò sí àyè fún ìyẹn nínú fọ́ọ̀mù. Ẹni tó bá jókòó, tó dọ̀bálẹ̀ tàbí kúnlẹ̀ dáadáa, tó sọ agboolé tó ti wá, á gbọ́ ohun tó pọ̀ ju ìbéèrè rẹ̀ lọ, á sì gbọ́ ibi tí ó ti yẹ kó dúró. Àwọn nǹkan kan wà tí àgbà á ní, "Èyí kì í ṣe ti ojú òde o." Ìgbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá gbọ́ gbólóhùn yẹn tó sì yọ nǹkan náà kúrò nínú àwòrán rẹ̀, ó ti ṣe iṣẹ́ aṣètò ìtàgé lọ́jọ́ yẹn ju ẹni tó fi oṣù kan gbẹ́ òpó lọ.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn náà kò ṣeé fò. Mùsùlùmí, Krìstẹ́nì àti ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ ló ń gbé Ẹdẹ pọ̀, débi pé àwọn ọ̀mọ̀wé kó odindi ìwé jọ lórí ìbágbépọ̀ náà ní 2017. Ọmọ tó ti ilé ìjọ wá lè máa bẹ̀rù láti ya àwòrán ojúbọ. Ọmọ ilé kéwú náà lè máa bẹ̀rù. N kì í fi wọ́n ṣẹ̀sín. Mo máa ń sọ fún wọn pé òṣìṣẹ́ ìjọ ni bàbá Dúró Ládiípọ̀, pé inú ṣọ́ọ̀ṣì ni òun fúnra rẹ̀ ti kọ́kọ́ fẹ́ lo dùndún kó tó gbé e lọ sí orí ìtàgé. Ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ọgbọ́n orí, tí wọ́n ń pè ní kọ́ọ̀sì àfikún lásán, ibẹ̀ ni ọmọ ti ń kọ́ láti ya ohun tó gbà gbọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tó ń ṣàlàyé. Aṣètò ìtàgé ń ṣàlàyé ni. Ẹni tí kò bá lè ya méjèèjì sọ́tọ̀, á fi ẹ̀rù ya ojúbọ tó jọ ti fíìmù olóògùn, ìyẹn sì jẹ́ irọ́ tí a pa mọ́ àwọn tó ni ín.

Níbi tí mo ti bá àwọn ọmọ ráhùn tọkàntọkàn ni bí a ṣe ń díwọ̀n iṣẹ́ wọn. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, akẹ́kọ̀ọ́ ló máa ń wá owó pákó, ọ̀dà àti epo jẹnẹrétọ̀ fún iṣẹ́ àṣejáde rẹ̀. Á kọ́ ojú ìtàgé, eré á wáyé, wọ́n á tú u ká, pákó rẹ̀ á di ti ẹlòmíràn. Ohun tó kù fún olùdánwò láti mú lọ sílé ni ìwé tó kọ. Ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ dùn tí ògiri rẹ̀ wọ́ á gba máàkì, ẹni tí ojú ìtàgé rẹ̀ mú kí gbọ̀ngàn pa rọ́rọ́ lè jókòó sí ìsàlẹ̀. Ohun tí mo máa ń rọ̀ wọ́n ni kí wọ́n má ṣe dúró de àtúnṣe láti òkè. Kí wọ́n ya fọ́tò àwòṣe ní gbogbo ìpele, kí wọ́n fi ọjọ́ sí àwòrán kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n pa àtẹ iná mọ́, kí wọ́n sì kọ orúkọ káfíńtà àti téṣọ́ sínú ìwé ètò. Nígbà tí olùdánwò bá béèrè pé, "Kí ló dé tí ògiri yìí fi pupa?", ẹni tó ní àwòrán ọjọ́ tí ògiri náà ṣì funfun àti ti ọjọ́ tó di pupa, tó sì lè sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín méjèèjì, kò nílò Gẹ̀ẹ́sì aládùn. Àlàyé bẹ́ẹ̀ ló ń gbé ọmọ láti 3.50 lọ sí 4.50 níbi tí fáàsì-kíláàsì ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹnìkan á ní àwọn tí mo ti ń dárúkọ láti òwúrọ̀ kò fi B.A. Honours ṣe eré. Òótọ́ ni. Ògúndé kò ní in nígbà tó gbé eré rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní Èkó ní 1944. Ògúnmọ́lá ti di ìlú-mọ̀ọ́ká kí yunifásítì tó pè é. Ẹni tó bá ní ìwé-ẹ̀rí ló ń ṣe òṣèré, onítọ̀hún kò mọ ìtàn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n ṣe dáadáa. Wọ́n wá oríkì kiri, wọ́n jókòó ti onílù àti babaláwo, wọ́n dán eré wò níwájú èrò tí kì í bojú àánú wo ẹnikẹ́ni. Ìtàn, àbá èrò àti ìwádìí ni wọ́n ṣe, ojú pópó ni kíláàsì wọn wà. Ọmọ tó ń gbé nínú ọgbà yunifásítì báyìí kò ní ogún ọdún tí yóò fi máa tẹ̀ lé ẹgbẹ́ eré kiri. Ọdún 4 ló ní, kọ́ọ̀sì wọ̀nyẹn ló sì kó ohun tí àwọn baba wọn fi ogún ọdún kọ́ jọ sí ojú kan. Bó bá fi wọ́n ṣeré, kò níí gba ọ̀kan, kò níí gba èkejì.

Ìyàtọ̀ náà máa ń hàn lẹ́yìn tí wọ́n bá ṣe àgùnbánirọ̀ tán. Iṣẹ́ gbọ̀ngàn eré kò pọ̀ ní orílẹ̀-èdè yìí. Àwọn ọmọ wa ń ṣètò ojú fíìmù, ojú fídíò olórin, pèpéle ṣọ́ọ̀ṣì ńlá, gbọ̀ngàn ìgbéyàwó. Oníbàárà kì í lówó tó ohun tó ń fẹ́. Ọlọ́wọ́ yíyá tí kò kàwé á ṣe gbogbo rẹ̀ ní ìlàjì, ohun gbogbo á wà níbẹ̀, kò sì níí sí ohun tó dára. Ẹni tó kọ́ bí a ṣe ń yan nǹkan á wo yàrá kan tí wọ́n fẹ́ sọ di ilé ẹjọ́, á ní àga adájọ́ àti fèrèsé kan ti tó, kí a ná owó tó kù sórí iná. Àwọn olùdarí fíìmù tó gbọ́n kì í jẹ́ kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Nítorí náà, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá gbé àwòṣe wá fún mi nísinsìnyí, n kì í kọ́kọ́ wò ó. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, èmi a sì béèrè irú ilé tí eré rẹ̀ ti wá. Lẹ́yìn náà mo máa ń ní kó sọ nǹkan mẹ́ta tó ti wà nínú àwòṣe náà rí tó yọ kúrò, àti kọ́ọ̀sì tàbí ẹni tó kọ́ ọ láti yọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Àwọn kan á dárúkọ Appia. Àwọn kan á dárúkọ bàbá onílù kan ní àdúgbò wọn. Àwọn kan á dúró, wọn kò ní rí ohunkóhun sọ. Àwọn ìkẹyìn yìí ni mo máa ń dá padà sí yàrá ìkàwé, kì í ṣe sí yàrá iṣẹ́ ọwọ́, bó ti wù kí òpó wọn gún tó.